Kí ọmọ Àjàgbà tó lè dé ojú òfúrufú

Àwọn àgbà tó ti gbọ́njú lọ́dún 1969 kò ní tíì gbàgbé àrùn ojú kan tó jà kárí ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ojú á pọ́n kankan, á máa ṣomi, á máa ta ni bí ẹni pé iyẹ̀pẹ̀ kó sí i. Oṣù keje ọdún náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Apollo 11 lọ sí òṣùpá, kò sì pẹ́ tí àwọn èèyàn fi so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, tí wọ́n ní àwọn tó lọ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ló kó àrùn náà wá sáyé. Bí àrùn ojú ṣe gba orúkọ Àpólò nìyẹn, orúkọ náà kò sì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn títí dòní, yálà ní Èkó tàbí ní Àjàgbà nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ oṣù kẹfà, kí ẹnikẹ́ni tó dé òṣùpá, ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Gánà. Kòkòrò àìfojúrí ló fà á. Òṣùpá kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èyí. Nígbà tí kò sí ẹni tó wá ṣàlàyé, àlàyé tó bá wà nílẹ̀ ni aráyé ń gbà. Ohun tó yẹ kó kọ gbogbo èèyàn lóminú ni pé láti ọdún 1969 títí di àkókò yìí, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ojú òfúrufú ṣì dà bí àlọ́ lójú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń dàgbà ní ìgbèríko.

Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 2025, ọmọ Yorùbá kan, agbẹjọ́rò Owolabi Salis, ọmọ Ìkòròdú tó ti du ipò gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó rí, wọ ọkọ̀ New Shepard ti ilé-iṣẹ́ Blue Origin ní ìwọ̀-oòrùn Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun àti èèyàn márùn-ún mìíràn ni ọkọ̀ náà gbé ga kọjá 100 kìlómítà, tó sì gbé sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ṣe dé ojú òfúrufú nìyẹn. Ó tọ́ kí tọmọdé tàgbà bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ayọ̀ náà, ìbéèrè kan ṣẹ́kù: bí ọmọ kan tó ń gbé ní Àjàgbà lónìí, tó ń lọ sílé-ìwé láàárọ̀, tó sì ń bá ìyá rẹ̀ ṣe púpurú nírọ̀lẹ́, bá ní òun náà fẹ́ lọ, ọ̀nà wo ni yóò gbà?

Kí ìdáhùn tó lè yéni, ó yẹ kó kọ́kọ́ yéni irú èèyàn tí àwọn tó ń lọ sókè yìí jẹ́. Ẹni tí òyìnbó ń pè ní astronaut kì í ṣe awòràwọ̀, kì í sì í ṣe olóògùn. Ilẹ̀ ni awòràwọ̀ máa ń dúró sí, tí yóò máa wo ìràwọ̀. Arìnrìn-àjò òfúrufú ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ láti wọ ọkọ̀ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé, kó jáde kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo ẹ̀dá ń mí, kó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kó sì padà wálé láàyè. Bàálù tó ń kó àwọn alálàájì lọ sí Mẹ́kà kì í sábà ga ju kìlómítà méjìlá lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó dìgbà tí èèyàn bá ga tó 100 kìlómítà kó tó di pé ó dé ojú òfúrufú tí wọ́n ń wí yìí. Kò sí afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè mí níbẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ jáde nínú ọkọ̀ dà bí ilé kékeré tó ní afẹ́fẹ́, omi àti ìtutù tirẹ̀ nínú.

Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu jù ni bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dúró lókè láìjábọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ń jábọ́ nígbà gbogbo. Bí ọmọdé bá ju òkúta, yóò lọ síwájú díẹ̀, yóò sì balẹ̀. Bó bá fi rọ́bà ta á, yóò jìnnà sí i kó tó balẹ̀. Bí agbára kan bá wà tó lè ta òkúta náà lókè réré tí kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò dá a dúró, débi pé eré rẹ̀ tó nǹkan bí 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, bó ṣe ń já bọ̀ nílẹ̀ ayé á máa tẹ̀ sísàlẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ayé rí roboto. Kò ní lè balẹ̀ mọ́, á kàn máa yí ayé po ni. Iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ni láti ti ọkọ̀ dé orí eré yẹn. Ẹni tó bá ti wà nínú ọkọ̀ tó sáré já sí kòtò lójú ọ̀nà tó bàjẹ́ mọ bí inú ṣe ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe ń rí lára àwọn tó wà lókè tọ̀sán tòru nìyẹn. Èèyàn á máa léfòó, ṣíbí á máa léfòó, bí omi bá dànù, á ṣù bíi bọ́ọ̀lù, á máa rìn kiri inú ilé.

Ilé kan wà lókè náà tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ pawọ́ pọ̀ kọ́. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2000 ni èèyàn ti ń gbé inú rẹ̀. Nǹkan bí 400 kìlómítà ló fi jìnnà sílẹ̀, ó sì ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń rí i tí oòrùn ń yọ ní nǹkan bí ìgbà mẹ́rìndínlógún láàárín ọjọ́ kan. Bí oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò níbẹ̀. Kì í ṣe fàájì ni wọ́n bá lọ. Egungun wọn á máa fúyẹ́ nítorí pé kò ru ẹrù kankan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá bíi wákàtí méjì lójúmọ́. Òógùn àti ìtọ̀ wọn pàápàá ni wọ́n ń sẹ́ padà di omi mímu. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tún ẹ̀rọ ṣe, kó lè tọ́jú aláìsàn, kó sì lè bá ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ gbé ilé tóóró láìjà.

Bí wọ́n ṣe ń yan irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí gbogbo òbí fetí sí. Ilé-iṣẹ́ NASA ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kì í gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń béèrè oyè kejì yunifásítì nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò, tàbí kí ẹni náà jẹ́ dókítà tàbí ẹni tó kọ́ṣẹ́ dídán bàálù tuntun wò. Wọ́n ń béèrè ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ẹgbẹ̀rún wákàtí lórí wíwa bàálù, àti ara líle. Nínú àwọn tó lé ní 8,000 tó kọ̀wé béèrè ní 2024, mẹ́wàá péré ni wọ́n mú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Àwọn mẹ́wàá náà á tún lo nǹkan bí ọdún méjì lẹ́nu ẹ̀kọ́. Wọ́n á kọ́ èdè Rọ́ṣíà, wọ́n á máa wọ aṣọ òfúrufú rì sínú adágún omi ńlá kan láti fi kọ́ iṣẹ́ ṣíṣe níbi tí ara ti ń léfòó. Kò sí èyí tó jẹ́ idán nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀kọ́ ni.

Kì í sì í ṣe ọmọ olówó nìkan ló ń ti ọ̀nà yìí kọjá. Nígbà tí Yuri Gagarin ará Rọ́ṣíà yí ayé po ní ọjọ́ 12, oṣù kẹrin, ọdún 1961, láàárín ìṣẹ́jú 108, ọmọ káfíńtà ni. Valentina Tereshkova, obìnrin àkọ́kọ́ tó lọ, ní 1963, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ ni kí wọ́n tó mú un. Ní 1980, Arnaldo Tamayo Méndez di ẹni àkọ́kọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó dé ojú òfúrufú. Kúbà ni wọ́n ti bí i, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti ń bọ Ògún àti Ṣàngó títí dòní. Ọmọ òrukàn ni, ó sì ti dán bàtà fún àwọn èèyàn rí kó tó jẹun. Guion Bluford, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé e ní 1983. Mae Jemison, obìnrin dúdú àkọ́kọ́, lọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, lẹ́yìn tó ti ṣe iṣẹ́ dókítà ní Làìbéríà àti ní Sierra Leone tí àwọn àgbà ń pè ní Sàró. Ewu sì wà nínú iṣẹ́ náà. Èèyàn méje ló kú nínú ọkọ̀ Challenger ní 1986, méje mìíràn sì kú nínú Columbia ní 2003. Àwọn tó ń lọ mọ èyí kí wọ́n tó gbà láti lọ.

Níbo wá ni Nàìjíríà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Kì í ṣe àná ni orílẹ̀-èdè yìí bẹ̀rẹ̀. Láti 1961 ni Amẹ́ríkà ti kọ́ ibùdó kan sí Kánò tí wọ́n fi ń tọpa àwọn ọkọ̀ wọn, ibẹ̀ sì wà lára ibi tó ń bá John Glenn sọ̀rọ̀ nígbà tó ń yí ayé po ní oṣù kejì ọdún 1962. Ní 1998 ni ibùdó ẹ̀kọ́ nípa òfúrufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ NASRDA sílẹ̀, ọmọ Ìpínlẹ̀ Òǹdó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Ajayi Boroffice láti Ọ̀kà-Àkókó, ẹni tó di sẹ́nétọ̀ nígbẹ̀yìn, ló kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá àgbà ibẹ̀. NigeriaSat-1 gòkè ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003. NigComSat-1 gòkè ní 2007, ó kú ní 2008, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2011. Ní 2011 yìí kan náà ni NigeriaSat-X, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà kọ́ nígbà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gòkè lọ.

Èyí tó sún mọ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jù lọ ni ti 2017. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí FUTA, dara pọ̀ mọ́ yunifásítì kan ní Japan láti ṣe sátẹ́láìtì kékeré kan tó ń jẹ́ EduSat-1. Kò ju kí èèyàn gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ lọ: sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé òkè tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tú u sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà, tó fi yí ayé po títí tó fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ Àkúrẹ́ ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Láti Àjàgbà sí Àkúrẹ́ kì í ṣe ìrìn-àjò ọjọ́ méjì.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan fífi èèyàn ránṣẹ́, ìlérí ló pọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, mínísítà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà náà, olóògbé Ogbonnaya Onu, sọ pé Nàìjíríà yóò rán ọmọ rẹ̀ kan lọ sójú òfúrufú kó tó di 2030. Ní 2024, NASRDA bá àjọ kan tó ń jẹ́ SERA ṣàdéhùn pé ọmọ Nàìjíríà kan yóò bá ọkọ̀ Blue Origin lọ. Kí wọ́n tó mú èyíkéyìí ṣẹ, Salis ti lọ, ó sì ti bọ̀. Kì í ṣe ètò ìjọba Nàìjíríà ló gbé e lọ.

Àwọn kan á ní kí ni ti òfúrufú nígbà tí ebi ń pa ará ilé. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Ìlú tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná mànàmáná, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú àwọn ìlú gúúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè iná kó tó béèrè rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lókè kò jìnnà sí ilé bí wọ́n ṣe rò. Sátẹ́láìtì ló ń gbé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó wò wá. Òun ló ń jẹ́ kí wọ́n lè sọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀ fún àgbẹ̀. Ní Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ, àwòrán láti òkè lè fi ibi tí omi jẹ dé hàn láti ọdún dé ọdún. Nígbà tí ìjì Katrina ba ìlú New Orleans jẹ́ ní 2005, NigeriaSat-1 wà lára àwọn tó ya àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aṣèrànwọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún Amẹ́ríkà kò yẹ kó ṣòro fún Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé ìjókòó kan nínú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ ni Nàìjíríà ń wá. Bí ẹnìkan bá fún orílẹ̀-èdè yìí ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìjọba kó owó ará ìlú lé e. Àkàbà ló yẹ kí wọ́n kó owó lé. Ẹni tó gun àkàbà lè padà wá fa ẹlòmíràn gòkè; ẹni tí wọ́n gbé sókè lẹ́ẹ̀kan, tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, ó parí. Igi àkọ́kọ́ nínú àkàbà náà kò sí ní Texas, kò sí ní Abuja. Iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Àjàgbà ló wà. Bí ọmọ kò bá rí olùkọ́ físíìsì, tí kò rí olùkọ́ ìṣirò, tó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ló ti ń rí àwòrán ohun èlò sáyẹ́ǹsì títí tó fi wọ yàrá ìdánwò WAEC, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti já kúrò nínú eré náà kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Òǹdó ṣe kò fara sin. Kí wọ́n fi olùkọ́ físíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣirò sí gbogbo ilé-ìwé girama tó wà ní ìgbèríko Ìkálẹ̀, kí wọ́n sì fi owó ìwúrí dè wọ́n mọ́bẹ̀, nítorí olùkọ́ tí kò bá rí ilé gbé kò ní pẹ́ lọ. Kí wọ́n kọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì tó ní ohun èlò nínú, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn fi ọ̀dà kọ orúkọ sí lára. Kí wọ́n fi iná oòrùn sí i, kó má baà jẹ́ pé ìdúró mànàmáná ni ẹ̀kọ́ yóò máa dúró. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ orúkọ olóògbé Olúṣẹ́gun Agagu wà ní Òkìtìpupa. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni Agagu, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta sì ni kó tó di gómìnà. Kò ní ná yunifásítì náà ní púpọ̀ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá ń lọ ṣe àfihàn ní àwọn ilé-ìwé àyíká lẹ́ẹ̀kan ní sáà. NASRDA náà gbọ́dọ̀ jáde ní Abuja. Bó bá dọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ọmọ Nàìjíríà tí yóò lọ sókè, kí ìròyìn náà dé ìgbèríko, kí ìdánwò rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ọmọ tálákà lè jókòó sí.

Iṣẹ́ wà fún àwọn ará ilé náà. Àwọn ọba, àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi àti ẹgbẹ́ àwọn tó jáde ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan máa ń kówó jọ fún ayẹyẹ. Kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ ra awò tí ọmọ fi lè wo òṣùpá. Àwọn òbí kò gbọ́dọ̀ ní kí ọmọbìnrin fi ìṣirò sílẹ̀ fún ọkùnrin. Bí ọmọdé bá sì jókòó ti bàbá àgbà rẹ̀ lálẹ́, tó nawọ́ sí òkè, tó ní, “Bàbá, mo fẹ́ lọ síbẹ̀,” kí bàbá má ṣe fi rẹ́rìn-ín. Kí ó ní, “Ó dáa, ọmọ mi. Kí ni olùkọ́ ìṣirò yín kọ́ yín lónìí?”

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láìfara kanra. Àyè wà lókè fún ọmọ Ìkòròdú, ó wà fún ọmọ Kúbà, ó sì wà fún ọmọ Àjàgbà. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní 1969, àrùn ojú ni ìgbèríko rí gbà nínú ìròyìn òṣùpá. Ó tó àkókò kí ó rí olùkọ́ gbà.